Omi Ìwúre fún Ọmọ Tó Ń Lọ Fọ́ Àpáta

Nínú ẹbí wa, ọmọ kì í rìnrìn àjò láìmu omi ìwúre lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá mi bu tèmi fún mi ní etí òkun Ìlàjẹ kí n tó wá sí Dublin, ó sì fi gbólóhùn kan tí a kì í fò parí rẹ̀: "A kì í bá omi ṣọ̀tá, omi kò ní bá ọ ṣọ̀tá." Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ mi ní Coolock, àdúgbò wa ní Dublin, náà nìyẹn.

Àkọ́bí mi ríṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ọ̀hún ni kí wọ́n gbẹ́ kànga jíjìn, kí wọ́n fi agbára ti omi tí wọ́n pò mọ́ yanrìn àti kẹ́míkà wọ inú àpáta, títí àpáta yóò fi sán, tí gáàsì yóò fi tú jáde. Ireland ti fòfin dè é lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ìjà òfin náà gbóná, ọmọ yìí kan náà wà lára àwọn tó gbé páálí ìwọ́de kiri ìgboro. Mo tẹ̀ lé e. Mo rò pé odò wa ní Ìlàjẹ ló wà lọ́kàn rẹ̀, odò tí epo rọ̀bì pa ẹja inú rẹ̀, tí iná gáàsì kò jẹ́ kí òkùnkùn ṣú lórí rẹ̀.

Mo ní, "A ò jẹ́ kí wọ́n fi igi ṣóńṣó gún wa níbí. Ìwọ wá ń lọ fi gún ọmọ ẹlòmíràn."

"Ah, Daddy, wọ́n ń ṣọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, it's grand, kò séwu. Gáàsì sàn ju èédú lọ. Kí lẹ fi ń se tíì yín?"

Mo wo iná búlúù lábẹ́ kẹ́tùrù. Òótọ́ ni, ó sì korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Ìlú tí kò jẹ́ kí wọ́n fọ́ àpáta òun kò bi gáàsì tó ń rà léèrè àpáta tó ti wá. Èmi náà kò bi í, mo sì ń yáná.

Ìyá rẹ̀ ní, "Baba, ẹ súre fọ́mọ. Ọkọ̀ òfurufú kì í dúró de aláríyànjiyàn."

Ọmọ kúnlẹ̀. Mo bu omi ẹ̀rọ sínú ife, mo súre fún orí rẹ̀, fún ọwọ́ rẹ̀, fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbólóhùn bàbá mi dé ètè mi, mo gbé e mì, mo sì na ife sí i.

Ó mu díẹ̀, ó gbójú sókè. "Daddy, ẹ fo ibi tó kan omi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò ní sọ ọ́?"

"Bí o bá débẹ̀, lọ gbà á lẹ́nu àwọn tó ń mu omi ibẹ̀."

Ó gbé ife sílẹ̀ láìmu ún tán, ó gbé àpótí rẹ̀. Nígbà tí a ti pápákọ̀ òfurufú dé, omi náà ṣì wà lórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ kò dà á nù, èmi náà kò dà á nù.