Abẹ́rẹ́ Tó Wo Ìka Mi Sàn Ló Bó Àtẹ́lẹwọ́ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tójú mi rí láàárín oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mi ò lè dá a gbé mọ́. Ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí páálí dídì ni mo wà. Làkúrègbé ti ń bá mi jà tipẹ́. Nígbà tó le, mi ò lè dé bọ́tìnnì aṣọ mi. Sọ́fíyà ọmọ mi ló ń bá mi dé e. Dókítà tó ń tọ́jú oríkèé wá fi mí sórí abẹ́rẹ́ kan tí mò ń gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kí n má parọ́, ó ṣiṣẹ́. Ìka mi nà, mo ń sọ alhamdulillahi kiri.

Oṣù kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà ni àtẹ́lẹwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ń le, ó ń là, ó wá ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Ọkùnrin tó ni kẹ́mísìtì àdúgbò wa ní làpálàpá ni, ó fún mi ní ìpara. Mo pa á títí, pàbó. Nọ́ọ̀sì kan ní ọṣẹ tí mo fi ń fọṣọ ni. Mo pààrọ̀ ọṣẹ. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ mi ló dọ̀tí, ó se àgbo fún mi. Mo mu ún. Kí ló kù tí mi ò ṣe?

Lọ́jọ́ kan, mo bọ́ ibọ̀wọ́ níbi iṣẹ́, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wa sì rí ọwọ́ mi. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Sọ́fíyà, ẹ má bínú. Nǹkan jíjẹ là ń ṣe níbí. Ẹ máa lọ sílé ná, títí á fi san."

Mo ní kì í ràn. Ó bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo bá palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo lọ sílé. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ìgbà tí mi ò lè di páálí dáadáa, wọ́n fara dà á fún mi. Ìgbà tí mo wá lè dì í, wọ́n ní kí n máa lọ.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Oògùn wo lẹ̀ ń lò?"

Mo dárúkọ abẹ́rẹ́ náà. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ara mi tó ń bá ara rẹ̀ jà ló fa irú làkúrègbé tó ń ṣe mí. Abẹ́rẹ́ yẹn ń pẹ̀tù sí ìjà náà, àmọ́ lára àwọn èèyàn díẹ̀, ó lè mú kí ìjà ṣí lọ sí awọ. Ó ní kò lè ran ẹnikẹ́ni.

Ẹkún ìbínú ni mo sun lórí àga yẹn. Gbogbo ibi tí mo ti lọ, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn. Èmi náà ò sì sọ, torí mo rò pé oògùn oríkèé ò kan awọ.

Àwọn dókítà méjèèjì jọ sọ̀rọ̀, wọ́n fi oògùn mìíràn rọ́pò abẹ́rẹ́ náà. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti ń jinná. Àmọ́ láwọn àárọ̀ mìíràn, ìka mi tún máa ń gan. Dókítà awọ ara kọ lẹ́tà fún ilé iṣẹ́ pé kì í ràn, wọ́n gbà mí padà, ṣùgbọ́n àwọn kan níbẹ̀ ò tíì gbà láti bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi yòówù tẹ́ ẹ bá ti lọ gba ìtọ́jú, ẹ ka gbogbo oògùn yín fún wọn, bí wọn ò bá tiẹ̀ béèrè. Ẹ má sì dá èyíkéyìí dúró fúnra yín láìsọ fún dókítà. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣe rí, kí lẹ ṣe sí i? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.