Ibi Tó Gbóná Jù Nínú Yàrá Manseok

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín méjì tó kù lẹ́nu mi bá àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Pyo Manseok ló ń ru èédú fún àwa ará òkè ní Busan, èédú tí ẹ̀rọ tẹ̀ roboto, tó ní ihò bí afárá oyin. Òkè wa ní ètò tirẹ̀: bí o bá ṣe tòṣì tó ni ilé rẹ ṣe máa ga tó. Ìsàlẹ̀, níbi tí mọ́tò ń dé, làwọn olówó ń gbé. Manseok àti Bunrye ìyàwó rẹ̀ wà lókè téńté, níbi tó jẹ́ pé bí o bá sín, ẹyẹ ló máa ṣe ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Suni, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Daegu.

Ọgbọ̀n ọdún ni Manseok fi gbé igi ìrẹrù, igi tí wọ́n kàn bí àkàbà kékeré láti máa di ẹrù mọ́, kọ́ ẹ̀yìn, tó ń gun àtẹ̀gùn òkúta. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, àtọ̀gbẹ mú un. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún un pé àìsàn náà máa ń pa ẹsẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀, pé èèyàn lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kó má mọ̀. Ó ní kó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Manseok ní ẹ̀yìn òun ti gan, òun ò lè tẹ̀ débẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá kò ní ìyàwó ni.

Bí Bunrye ṣe di olùṣọ́ ẹsẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, yóò gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lé itan, yóò yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, yóò sì máa bú u pé èékánná rẹ̀ dà bíi ti àkùkọ. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, egbò kan ò yọjú.

Kimchi ló da ilé rú. Nígbà tí òtútù ń bọ̀, tí àwọn obìnrin kó jọ láti fi iyọ̀ àti ata rẹ kábéèjì sínú ìkòkò, Manseok tọ́ ti Bunrye wò níwájú gbogbo wọn. Ó ní ìyá òun, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kì í jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ tó báyìí. Ẹnìkan wúkọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Bunrye kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìkòkò ọbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ sí: kí ìkòkò bá òun sọ fún bàbá Suni pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé kò bọ̀wọ̀ fún ọkọ. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni ooru iná ń gbà lọ́dọ̀ wa, ibi tó súnmọ́ ààrò ló máa ń gbóná jù, àgbà ilé ló sì ni ibẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni Bunrye ń tẹ́ ibùsùn ọkọ rẹ̀ sí, ó tún ń fi èédú kún iná. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò gbé lé itan mọ́.

Lọ́jọ́ kọkànlá, Manseok ru èédú lọ fún Ọ̀gá Noh, ọ̀gá báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ń mú ilé òdòdó rẹ̀ gbóná. Àtọ̀gbẹ ń bá òun náà jà, ṣùgbọ́n dókítà ńlá ló ń tọ́jú rẹ̀, òkè òkun ni oògùn rẹ̀ ti ń wá. Manseok bá a níjòókòó, bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé ìkejì. Ọ̀gá Noh ní ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé. Òkúta kékeré kan wà nínú bàtà òun fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ò mọ̀.

“Màdámù ò rí i ni, sà?”

“Màdámù ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi ń gbé nísàlẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti rí ẹsẹ̀ mi.” Ọ̀gá Noh wò ó. “Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń wo tìẹ?”

Bí Manseok ṣe ń gòkè padà ló rántí pé ìbọ̀sẹ̀ òsì òun ti ń lẹ̀ mọ́ òun lẹ́sẹ̀ láti ìjẹta. Òógùn ló pè é.

Ó bá Bunrye níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. “Ìyá Suni, jọ̀ọ́, bá mi wo ẹsẹ̀ mi.”

Bunrye kọjú sí ìkòkò. “Ìkòkò, sọ fún un kó lọ bá ìyá rẹ̀ tó mọ iyọ̀ wọ̀n.”

“Ìyá mi ti kú.”

“Ìkòkò, sọ fún un pé mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mò ń se oúnjẹ ìrántí ìyá náà lọ́dọọdún.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. Lórí òkè wa, ó yá ọkùnrin lára kó ru ẹrù ẹṣin ju kó sọ pé òun jẹ̀bi ìyàwó òun lọ. Manseok ro ti ẹsẹ̀ Ọ̀gá Noh. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ìkòkò kimchi, ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó sì jẹ ẹ́ ní ìdúró láìsí ìrẹsì, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé,” ló wí. “Ti ìyá mi ni kò níyọ̀.”

Bunrye ti tẹ̀ lé e débẹ̀. “Irọ́ lò ń pa. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, ọwọ́ mi ló yẹ̀. Ṣé ojú èèyàn ló yẹ kó o ti sọ ọ́?”

“Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ̀bi.”

“Jókòó.”

Ó fa ìbọ̀sẹ̀, awọ bá a wá. Gìgísẹ̀ ti jóná, àárín rẹ̀ ti dúdú. Ilẹ̀ gbígbóná ti ń yan án bí ẹja láti ọjọ́ yìí wá, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Bunrye wo ẹsẹ̀, ó wo ibi tí ibùsùn wà.

“Èmi ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀,” ló wí.

Ó gbé igi ìrẹrù kọ́ ẹ̀yìn, ó gbé ọkọ rẹ̀ lé e, ó sì fi ẹkún rù ú sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo àtẹ̀gùn náà. Àwọn aládùúgbò jáde wá wòran. Manseok ń sọ fún wọn látorí igi pé èédú tuntun ló dé.

Dókítà gé ẹran tó ti kú kúrò. Ó ní ká ní ó pẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ kan, ọrùn ẹsẹ̀ lòun ì bá ti gé e. Ó ní kí Manseok sinmi fún oṣù méjì. Irú Ọ̀gá Noh lè sinmi fún ọdún méjì. Ogún ọjọ́ ni Manseok rí sinmi, Bunrye ló ń ru ìdajì ẹrù, ebi sì ń pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí iṣẹ́. Òjò ìgbà ìrúwé ti ń rọ̀ kí egbò náà tó jinná, ó sì ń tiro di òní. Ìyàwó rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ọ̀bẹ, kò rí i gbà lọ́wọ́ àtẹ̀gùn.

Bunrye ṣí ibùsùn ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Manseok ní àwọn àlejò á máa rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ lòun. Bunrye ní kí wọ́n máa rò ó, ó sì tẹ́ tirẹ̀ síbi tó gbóná jù. Kò sí alẹ́ kan tí kò gbé ẹsẹ̀ náà lé itan mọ́, kódà bí wọ́n bá ń jà.

Ohun kékeré kan ṣoṣo ni mo fi kún un. Bunrye kò sunkún lórí àtẹ̀gùn. Èébú ló fi rù ú láti òkè dé ìsàlẹ̀.