Òòró àti Ìbú

Ọ̀gá kan náà ló kọ́ èmi àti ọ̀rẹ́ mi níṣẹ́ fídíò ní Fájuyì, ní Adó. Èmi ni mo kọ́kọ́ gba òmìnira. Èmi ni mo tilẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lórí fóònù, ó ń ya tirẹ̀ ní òòró, kó lè kún ojú fóònù, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Èmi ń ya tèmi ní ìbú bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa. Mo máa ń yẹ iye èèyàn tó wo tirẹ̀ wò kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀. Bí wọ́n bá yìn ín lójú mi, mo máa ń sọ pé ó ń gbìyànjú, ọ̀rọ̀ náà a sì korò lẹ́nu mi.

Lọ́dún tó kọjá, màmá àgbà kan tó ti ṣe tíṣà rí pé ọgọ́rin ọdún ní Ìyìn-Èkìtì. Àwọn ọmọ wọn pè mí láti ya fídíò ayẹyẹ náà. Àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé pe ọ̀rẹ́ mi. Bí mo ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo pinnu pé òòró lèmi náà máa yà lọ́jọ́ náà. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, láti ògiri dé ògiri, àwọn náà ti hewú, wọ́n ń kọ orin tí màmá kọ́ wọn ní kíláàsì. Mẹ́ta péré ló wọ inú àwòrán mi.

Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ náà lọ sílé màmá, wọ́n fi í sórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Àwòrán mi rí tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, dúdú ló kún ọ̀tún àti òsì. Màmá sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí.

"Ọmọ mi, àwọn yòókù dà?"

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo sì jẹ́wọ́. Ìbú ló ya tirẹ̀. Gbogbo wọn ló pé síbẹ̀, títí kan ẹni tó ń nu omijé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ya òòró.

"Mo kọ́kọ́ bi màmá níbi tí wọ́n ti fẹ́ máa wò ó ni."

Ó fún mi ní tirẹ̀, kò sì sọ ọ́ fẹ́nì kan. Màmá wò ó, wọ́n ń dárúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì súre fún mi lórí iṣẹ́ tí kì í ṣe tèmi. Mo ṣe àmín. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sí Adó, owú náà tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí tẹ́lẹ̀, mo ṣì lè sọ pé oríire lásán ni ọ̀rẹ́ mi ní.