Gbì Kẹrin Tí A Kì Í Lù

Gbogbo ẹni tó wá síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi ló ní báńdì parí ẹ̀ dáadáa. Bí a ti ń tẹ̀lé pósí lọ sí itẹ́ òkú ìjọ wa ni wọ́n ń sọ ọ́ níwájú mi, tí wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Àna ẹ̀ kan tó ti Ìbefun wá tilẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní àwa àgbà tó dá báńdì náà sílẹ̀ kú iṣẹ́, pé iṣẹ́ wa kò bàjẹ́. Mo fa ọwọ́ mi yọ. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ṣe mí, n kò sì ráyè ṣàlàyé fún un. Inú ló ń bí mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, inú náà kò tíì rọ̀, ìyẹn ni mo fi mú bírò. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí wọ́n tó fà mí lé bíríkìlà lọ́wọ́, nítorí náà kí ẹni tó bá mọ̀wé jù mí lọ má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó bí mi nínú kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n lu gbì kẹrin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń parí ìlù wa. Báńdì ìjọ wa kì í ṣe báńdì olówó. Ìlù kékeré mọ́kànlá tí a ń fi okùn kọ́ sí èjìká, fèrè mẹ́fà, àwo idẹ méjì tí a ń lù mọ́ra wọn, àti ìlù ńlá kan ṣoṣo, èyí tí mo gbé sí àyà mi fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Ọ̀rẹ́ mi ló máa ń wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìdarí. Bí a bá ti yan káàkiri pápá tán, tí a tò ní ìlà kan, àwọn fèrè á kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlù kékeré á máa dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì, bí ìgbà tí ìyá àgbà ń pa fìtílà láti yàrá dé yàrá. Mo lè pe orúkọ àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá bí wọ́n ṣe tò, títí dórí orúkọ bàbá wọn àti ilé tí wọ́n ti wá. N kò ní kọ ọ́ síbí. Mẹ́sàn-án nínú wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn kò sì rán mi níṣẹ́.

Bí ẹni kọkànlá bá ti dákẹ́, ó ku èmi nìkan. Gbì. Gbì. Gbì. Ọwọ́ mi á tún lọ sókè fún ìkẹrin, á sì dúró sókè níbẹ̀. Ọ̀pá ọ̀rẹ́ mi náà á wà lókè. Ẹnikẹ́ni kò ní mira. Gbogbo ara èrò á máa retí gbì tó kù, kò sì ní í dé. Ẹ ó máa gbọ́ iyanrìn lábẹ́ bàtà àwọn ènìyàn, ẹ ó gbọ́ ọmọ tó ń húkọ́ lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi bá rọra gbé ọ̀pá ẹ̀ wálẹ̀ ni pápá á tó hó.

Nítorí ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ pè wá. Níbi ìkórè kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, mo sì gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ fún ìkejì pé kó má tíì lọ, pé àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde yìí kò tíì dákẹ́. Báńdì wo lẹ tún mọ̀ tí èrò ń dúró dè kó dákẹ́?

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé àṣìṣe ni. Tèmi sì ni àṣìṣe náà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a jáde, mẹ́rin ló yẹ kí n lù. Mẹ́rin la fi kọ́ ọ. Ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ ni. Ìlù ńlá tí mo gbé kọ́rùn kì í ṣe tiwa, ṣe la yá a lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ní báńdì tó dára ju tiwa lọ, olórí báńdì wọn sì jókòó níwájú, ojú ẹ̀ kò kúrò lára ìlù ẹ̀. Igi tí mo fi ń lù ú nìkan ni tiwa. Èmi ni mo fi àkísà di orí ẹ̀ róbótó. Ọ̀rẹ́ mi, télọ̀ ni, ti ní kí n gbé e wá kí òun fi abẹ́rẹ́ rán an. Mo ní kí ló ń jẹ́ abẹ́rẹ́, ṣebí okùn tí mo fi ń mú ògiri tọ́ wà lápò mi. Àwa bíríkìlà, a gbà pé kò sí ohun tí okùn wa kò lè dì.

Láti gbì kìíní ni okùn ti ń tú. Gbì kejì. Gbì kẹta. Bí mo ṣe gbé apá sókè fún ìkẹrin, orí igi náà já, ó fò gba ẹ̀yìn mi lọ, ó bọ́ sáàárín àwọn akọrin. Ó ku igi ṣóńṣó lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fi igi lásán yẹn lu awọ náà pẹ̀lú agbára tí mo ti fi gbé e, yóò ya, ìlù onílù sì ni. N kò lè lù ú, n kò sì mọ bí mo ṣe lè gbé apá wálẹ̀. Mo dúró bí òpó iná.

Ọ̀rẹ́ mi rí mi, ó rí igi. Òun náà kò gbé ọ̀pá ẹ̀ wálẹ̀. Ó dúró, ojú ẹ̀ le koko, bí ẹni pé bí òun ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn, gbogbo pápá sì pa rọ́rọ́. Nígbà tó gbé ọ̀pá wálẹ̀, igbe tí èrò ké lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Olórí báńdì tó yá wa nílù dìde dúró, ó ń pàtẹ́wọ́.

Mo sá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń retí ìgbátí. Ó bá mi níbẹ̀. Ó ti mú orí igi náà nílẹ̀, ó fi há abíyá.

"Bí a ó ṣe máa parí ẹ̀ nìyẹn láti òní lọ," ó wí. "Tí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, màá sọ fún gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde pé okùn ògiri lo fi dì í."

A búra. Mo pa á mọ́ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyàwó mi tó kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn kò mọ̀. Ọdún méjìlélógójì la fi jọ gbélé, ó sì máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbé ọwọ́ sókè lórí pápá bí ẹni tí sójà dá dúró. N ó ní iṣẹ́ báńdì ni. Bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi bá sì ń jà, tí ọ̀rọ̀ mi bá fẹ́ borí tiẹ̀, yóò kàn bi mí pé, "Orí igi ẹ ńkọ́?" Ìjà parí nìyẹn.

Nígbà tí èjìká ọ̀tún mi kò gbé sókè mọ́, mo gbé ìlù sílẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá òun náà dùbúlẹ̀, ó fa ọ̀pá ìdarí lé ọ̀dọ́bìnrin kan lọ́wọ́, ọmọ ìjọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ orin ní yunifásítì ní Ìjagun. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ó ń kọ ìlù wa sórí ìwé, àmì róbótó-róbótó lórí ìlà. Ó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ló dé tí ìparí wa fi jẹ́ mẹ́ta, pé òǹkà ẹ̀ kò pé. Mo ní bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, mo tún fún un ní èsì kan náà. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo bi í pé ṣé Ìjagun ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa fọ̀rọ̀ wá àgbà lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá. Ó ní kí n má bínú, ó sì lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọ̀rẹ́ mi kú, mo jókòó tì í. Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ọmọ, kò sọ̀rọ̀ ilé.

"Kí wọ́n parí ẹ̀ fún mi bó ṣe yẹ," ó wí. "Má jẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́ mọ́ mi lórí."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Àmọ́ n kò lọ bá ọmọbìnrin náà. Mo rò pé bó ṣe wà náà ni yóò wà.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé pósí jáde, wọ́n gbé e sórí àga méjì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Báńdì tò, yúnífọ́ọ̀mù funfun, bàtà ń dán. Fèrè dákẹ́. Ìlù kékeré ń dákẹ́ lọ láti ọwọ́ òsì, èmi náà ń pe orúkọ àwọn onílù àtijọ́ nínú mi bí wọ́n ti ń dákẹ́. Gbì. Gbì. Gbì. Èjìká mi tó ti kú gbéra fúnra ẹ̀ nínú dàńṣíkí.

Gbì. Gbogbo ìlù, fèrè, àwo idẹ, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dún bí ìgbà tí atẹ́gùn bá pa ìlẹ̀kùn dé mọ́ ènìyàn lójú. Ẹni tó di máìkì mú ní kí á pàtẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó ní ìyẹn kò tó, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Níwájú òkú.

Mo fara dà á dé itẹ́ òkú. Mo fara dà á títí àlùfáà ìjọ fi gbàdúrà tán, tí wọ́n sọ pósí kalẹ̀ sínú ihò, tí àwọn tó fẹ́ da erùpẹ̀ sì mú ṣọ́bìrì. Ibẹ̀ ni ojú mi ti bá ti ọmọbìnrin náà pàdé.

"Ta ló ní kí o lu ìkẹrin?"

Àwọn oníṣọ́bìrì dúró. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun ẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo bi yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé àṣìṣe kan ló wọ inú ẹ̀ látijọ́, tí ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe. Mo ní kí n tún un ṣe fún wọn kí wọ́n tó lọ."

Òótọ́ lọ́mọ náà sọ, ohun tó sì mú kí inú túbọ̀ bí mi nìyẹn. Ká ní ó yájú sí mi ni, ǹ bá ti gbá a létí, ara ìbá sì tù mí. Mo wo inú ihò. Mo ti búra fún ẹni tó wà níbẹ̀, mo sì ti ṣèlérí fún un, n kò sì lè mú méjèèjì ṣẹ. Ni mo bá tú u síta. Mo sọ ọ́ níwájú àlùfáà àti gbogbo èrò, okùn ògiri, orí igi tó fò, ìlù onílù, ìbúra. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa rín in lọ, pé ẹnu àgbà ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè lórí àga tó jókòó sí.

"Ẹ̀yin ọkọ mi, ṣé ọ̀rọ̀ okùn yẹn lẹ̀ ń pè ní àṣírí? Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló sọ fún mi. A ò tíì fẹ́ra nígbà yẹn. Ó ń fi pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi gbà láti fẹ́ ẹ. Ta lẹ rò pé ó rán orí igi yẹn padà?"

Àádọ́ta ọdún. Mo pa á mọ́ fún ìyàwó tèmi títí ó fi wọlẹ̀, ọkùnrin yẹn sì ti fi fẹ́yàwó.

Obìnrin náà ní kí wọ́n lù ú fún ọkọ òun bó ṣe fẹ́ ẹ. Àwọn méjì nínú báńdì bá mi gbé ìlù ńlá dúró, mo gba igi. Gbì. Gbì. Gbì. Apá mi kò kọjá etí, mo fi ọwọ́ òsì ti ìgúnpá sókè. Ọmọbìnrin náà gbé ọ̀pá ìdarí sókè, ó sì ń wò mí lójú kí n fún un ní àmì. Àmì wo? Èmi kọ́ ni mo máa ń gbé ọ̀pá wálẹ̀. Èmi náà ń wo inú ihò. Aláǹgbá sáré lórí ewé gbígbẹ. Ọ̀kadà kan kọjá lójú títì, a gbọ́ ọ títí ó fi jìnnà. Èjìká mi ń ta mí bí iná, n kò sì sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ó tó," ìyàwó ẹ̀ wí.

A gbé ọwọ́ wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò hó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da erùpẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin náà mú ìwé ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó ti pa ìkẹrin rẹ́, ó fi àmì ìdákẹ́ síbẹ̀. Ó ní kí n sọ fún òun bó ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó, kí òun kọ ọ́ sílẹ̀, kó má baà sọnù mọ́. Mo ní n kò mọ̀, kó lọ bi ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, ṣebí òun ni wọ́n máa ń sọ nǹkan fún. Ó ní òun ti ibẹ̀ bọ̀. Ìyá náà kò mọ̀.

Gbogbo ohun tí kò yẹ kí ọ̀rẹ́ mi sọ ló sọ. Èyí tó yẹ kó sọ, ó gbé e lọ. N kò sì rí i bá jà.