Òrí Lẹ́nu Páìpù Ike

Ọjọ́ tí omi fọ́n bo ṣòkòtò funfun kòmándà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso wa, níwájú gbogbo ìlú Tchaourou, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé mi kí n tó rántí pé iṣẹ́ ọwọ́ èmi àti ọ̀gá mi ni.

Páìpù irin la mọ̀ tẹ́lẹ̀. A ó wé fọ́nrán okùn mọ́ ẹnu rẹ̀, a ó fi òrí kùn ún, a ó lọ́ ọ títí yóò fi le. Nígbà tí páìpù ike dé, àtè inú agolo ló bá a wá. Ọ̀gá mi, Tonton Làmídì, wo àtè náà, ó yínmú.

"Páìpù wo ni kì í fẹ́ òrí? Fi sí i, kó lè wọlé wẹ́rẹ́!"

A fi òrí kùn ún, a fi àtè lé òrí lórí. Ó wọlé wẹ́rẹ́ lóòótọ́. Bí omi ṣe dé, wẹ́rẹ́ náà ló ṣe jáde.

Kòmándà gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí wọ́n hú gbogbo páìpù náà, kí wọ́n kó o lọ fún àwọn ará Bétérou. Sẹ́ẹ̀fù ìlú, olórí tí òyìnbó fi jẹ, tí kò gbé ṣọ́bìrì rí láyé rẹ̀, ló yára fi èdè Faransé gbà: "Oui, mon commandant!" Kòmándà bá tirẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀fù sì sáré wá ọkọ̀ ẹrù lọ. Oríire wa ni pé ọkọ̀ náà ti lọ sí Savè.

Tata Sàlámátù, tó ti ń pọnmi lódò láti ìgbà ọmọge rẹ̀, kó àwọn obìnrin àdúgbò sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò tí a tẹ́ páìpù sí. Wọ́n jókòó lé páìpù.

"Ẹni tó bá fẹ́ kó o, kó gbé wa mọ́ ọn." Ó yíjú sí ọ̀gá mi. "Làmídì, ṣé ọwọ́ tó kún fún òrí máa ń di ọmọ odó mú ni?"

Ojú ti Tonton. A gé ẹnu tó bàjẹ́ sọnù, a fi ọṣẹ fọ ìyókù, a jẹ́ kó gbẹ, a fi yanrìn ha á kí àtè lè rí ibi dì mú. A fi àtè kun ẹnu méjèèjì, a tì wọ́n wọnú ara wọn, a yí wọn díẹ̀, a dì wọ́n mú. Ni Tonton bá tún fẹ́ sáré ṣí omi.

"Jẹ́ kó gbẹ," ni Tata wí. "Ìdí ò tíì dùn wá."

Ọjọ́ kejì la ṣí i. Kò jò rárá. Mo sunkún, n kò sì tijú.

Ìgbà náà ni sẹ́ẹ̀fù gbé ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ dé. Ó rí omi, ó rí èrò, ó lọ dúró gangan níwájú ẹ̀rọ omi.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣebí mo sọ fún yín pé màá fún yín lómi?"

"A ti gbọ́, sẹ́ẹ̀fù," ni Tata dáhùn. "Ẹ yẹra. Ẹ̀yin nìkan ló kù tó ń dí wa lọ́nà omi."