Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Láti Pè

Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1988. Àwa mẹ́ta la wà nílé wa nítòsí Ọjà Igbó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́: èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti Fọlákẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé ìyàwó mi fi sílẹ̀ fún mi. Oyún Fọlákẹ́ ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Àgbà ni mo fi kàwé. Ní Sátidé, mo máa ń lọ kíláàsì l'Ọ́yọ̀ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi dá lórí èdè àtijọ́ kan tó bí Gẹ̀ẹ́sì, Rọ́ṣíà àti Híńdì. Kò sẹ́ni tó kọ èdè náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń wéra kí wọ́n lè mọ bí ti ìyá ṣe rí. Orúkọ béárì, irú ẹranko tí Dáfídì pa nínú Bíbélì, ló kàn mí. Àwọn tó ń sọ Híńdì ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Àwọn ará Rọ́ṣíà ti sọ ọ́ nù; "ajoyin" ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ẹ̀rù ló fà á, àwọn kan ní irọ́ ni. Èmi náà kọ ọ́ pé irọ́ ni. Ẹ̀rù wo ló lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn?

Mo ń kà á sókè ni ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Arúgbó ọmọ ilé-ìwé! Ṣé o ti rí béárì rí?"

"Rárá."

"Ìyẹn ló jẹ́ kó o láyà."

Bí iná ṣe lọ nìyẹn. Fọlákẹ́ dìde lórí àpótí láti wá àtùpà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Yéè! Nǹkan kan ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ ọmọ mi, ó gbé orí sókè!

Mo fẹ́ kígbe. Orúkọ tí mo ti mọ̀ láti kékeré, ahọ́n mi ò gbé e!

"Fọlákẹ́, má mira! Okùn ilẹ̀!"

Ó dúró bí igi. Ẹ̀gbọ́n mi ń pe Jésù jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, nǹkan náà tú ara rẹ̀, ó wọ́ kọjá lórí bàtà Fọlákẹ́, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ọmọ mi wó lé mi láyà, ó ń sunkún.

"A ò pe orúkọ ẹ̀, ló fi lọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ẹni tí ẹ̀rù ò tíì bà, kó má ṣe jiyàn nípa ẹ̀rù. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹnu yín ti kọ̀ láti pè rí? Ẹ bá wa sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà. Olùkọ́ wa, ọmọ tí mo lè bí, béèrè pé, "Bàbá, ẹ̀rí yín dà?" Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní irú ẹranko wo gan-an ni mo rí.

Oòrùn ti mú ganrínganrín, kì í ṣe alẹ́ tí wọ́n ní ká má pe orúkọ ẹ̀. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé.

"Okùn ilẹ̀ ni, sà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.