Tìróò Ẹ̀yìnkùlé Alàájà

Aládùúgbò mi kan kò gba ẹ̀rọ gbọ́, ọlọ ló ṣì fi ń lọ ata láràárọ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, tìróò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, Rísí á sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ Rísí. Ọ̀rẹ́ mi ni, nígbà tí a jọ wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀, Alàájà, ń ta tìróò, ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́: òkúta dúdú tó ń dán, tí wọ́n á lọ̀ títí á fi kúnná bí àtíkè. Rísí ló ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bí ó bá ṣì ń dún láàárín eyín rẹ̀, á ní, "Ó kù díẹ̀," wọn á sì tún dà á sórí ọlọ. Iṣẹ́ náà wù mí débi pé mo sunkún nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tísà ni ìyá tèmi, kò sì sí ohun tó kórìíra tó àbàwọ́n lára aṣọ ilé ìwé funfun. Ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Orí Rísí pé. Kí tísà ìṣirò tó kọ ìbéèrè tán, ó ti nawọ́, tísà á wá máa wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò rí i, kí àwa yòókù lè ráyè ronú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, Nọ́ọ̀sì la sì ń pè é.

Ìgbà tí a dé kíláàsì kẹta ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, díẹ̀díẹ̀, tí a kò fura. Orí ń fọ́ ọ, inú ń lọ́ ọ, ohun tó kà lánàá kò sí níbẹ̀ mọ́ lónìí. Mo ṣì ń rí i bó ṣe dúró níwájú pátákó, tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. "Mo mọ̀ ọ́n," ló ń wí. "Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀." Wọ́n nà án pé ó ya ọ̀lẹ. Alàájà ní ayé ló ń bá ọmọ òun jà, ó sì túbọ̀ ń lé tìróò sí i lójú, pé ìyẹn ni yóò dáàbò bò ó. Rísí kò parí ìwé.

Láìpẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì kan wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òjé, irin kan tó ní májèlé, wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò, pé ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń wọ ara ọmọdé àti ọ̀dọ́ lójoojúmọ́ lè ṣe ọpọlọ wọn ní jàǹbá láìsí ẹni tó máa mọ̀. N kò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà mọ́, Rísí ni mo ń rò.

Mo mú ọmọ-ọmọ mi lọ kí Rísí ní Ìbẹ̀fun. Ó mú ìgò tìróò jáde, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó sì nawọ́ sí ojú ọmọ náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀.

"Ṣé òun ló gba ìwé kíkà lọ́wọ́ mi?"

Mo ní n kò mọ̀, pé kò sí ẹni tó lè mọ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti wo ojú rẹ̀.

Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀yìnkùlé Alàájà báyìí, ṣùgbọ́n tìróò ṣì wà lórí àtẹ lọ́jà, ahọ́n Rísí kò sì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti fi ìka kan ìdérí ìgò. Rísí fà á mọ́ra, ó fi etí ìró nu ìka rẹ̀, ó sì ń nù ún lọ kódà nígbà tí kò sí dúdú kankan níbẹ̀ mọ́.